Màmá Àgbà Jókòó Jẹun ní Gardnersville

Lọ́jọ́ tí a sin màmá àgbà mi, ẹjọ́ ni gbogbo èèyàn ń rò. Ọkùnrin tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ta iná fún àdúgbò wa ní Vai Town sọ pé Màmá kò jẹ́ kí òun gbádùn rárá nítorí ariwo ẹ̀rọ náà. Ó ní wọ́n á wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù òun, wọ́n á fi ìka di etí méjèèjì, wọn ò ní sọ nǹkan kan, wọn ò sì ní kúrò, títí òun á fi gbé ẹ̀rọ náà lọ sẹ́yìn ilé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan sọ pé odidi sáà kan ni òun ò fi kí Màmá, nítorí ìpínrọ̀ kan tí wọ́n yọ nínú ìwé tí òun kọ. Dádì mi, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, sọ pé ìjà tí àwọn àti ìyá àwọn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ogun parí kò tíì tán, ńṣe ni ìyá àwọn sá mọ́ àwọn lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá rojọ́ tirẹ̀ tán, á rẹ́rìn-ín. Kó tó rẹ́rìn-ín tán, omi á ti bọ́ lójú rẹ̀. Mo ti lọ síbi ìsìnkú púpọ̀ ní Monrovia, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí òkú tí wọ́n ń fi ìjà ṣèdárò bíi tiwọn.

Òótọ́ ni pé Màmá fẹ́ràn ìjà. Kì í ṣe ìjà ariwo o. Ìjà tiwọn ni kí wọ́n jókòó tì ọ́ títí ohun tó yẹ á fi di ṣíṣe. Bí mo bá gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni níwájú wọn, wọ́n á ní, "Mosún, ẹni tó bá ń pariwo ti fẹ́ máa lọ sílé nìyẹn. Èmi ò tíì ṣetán àtilọ."

Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé àwọn àti bàbá àgbà mi wá sí Liberia láti Iléṣà, tipẹ́tipẹ́ kí ogun tó dé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Màmá ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ogun lé wọn dé Gánà, inú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni bàbá àgbà mi sì kú sí. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, Màmá padà wá. Ilé wọn ṣì dúró, ṣùgbọ́n kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, kò sì sí ìwé kan ṣoṣo nínú yàrá tó kún fọ́fọ́ fún ìwé tẹ́lẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ bí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi wọ́n, àti fún àwọn tí kò bi wọ́n pẹ̀lú. Wọ́n ra ẹ̀pà yíyan ní Waterside, lọ́jà tó wà nísàlẹ̀ afárá. Ojú ìwé kan tí wọ́n ya ni obìnrin tó tà á fi wé e. Màmá jẹ ẹ̀pà náà tán lójú ọ̀nà, wọ́n tẹ́ bébà náà sórí ọwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìtàn ọmọdébìnrin kan tó ń fi ọkọ̀ kékeré kọjá odò ni. Ìgbì dé, ọkọ̀ fì, ọmọ náà nawọ́, ojú ìwé sì parí. Màmá padà sọ́dọ̀ obìnrin náà, wọ́n ní kó bá àwọn wá ojú ìwé tó tẹ̀ lé e.

"Ol' Ma," ni obìnrin náà wí, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbí, ó ń rẹ́rìn-ín, "mo ti fi í wé ẹ̀pà fún ẹlòmíràn láàárọ̀. Àbí ẹ fẹ́ ẹ̀pà sí i ni?"

Màmá ní àwọn dúró lórí afárá, àwọn ń wo omi Mesurado, àwọn ò sì mọ̀ bóyá ọmọ náà rì tàbí kò rì. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó ń ṣí padà nílùú, ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ bá rántí kọ sójú pátákó nìkan ni ìwé tí wọ́n ní. Orí afárá yẹn ni wọ́n ti sọ fún ara wọn pé, "Bí mi ò bá rí ìyókù ìtàn yìí rà, mà á tẹ̀ ẹ́ fúnra mi."

Yàrá kan ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta garawa àti abọ́ ike ní Vai Town. Tábìlì méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àlòkù kan àti fèrèsé tó kọjú sí títì. Ogun ti kó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìlú lọ, nítorí náà Gánà ni Màmá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì nígbà náà. Mamba Point ni ọkàn mi wà, lórí òkè létí òkun, níbi tí àwọn àjọ òkèèrè kó ọ́fíìsì wọn sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ríṣẹ́ síbẹ̀ ń gun ọkọ̀ funfun gíga, wọ́n ń jókòó nínú yàrá tó tutù. Èmi náà ti kọ̀wé wáṣẹ́ síbẹ̀. Bí mo ṣe ń retí èsì, Màmá ní kí n wá ran àwọn lọ́wọ́.

"Fún ìgbà wo, Màmá?"

"Fún òjò kan péré. Bí òjò bá dá, máa lọ síbi tó bá wù ọ́."

Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Òjò Monrovia kì í ṣe òjò Iléṣà. Bó bá bẹ̀rẹ̀, ó lè tó ìdajì ọdún kó tó rántí ilé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo yọ bírò pupa nínú báàgì mi, nítorí mo rò pé ohun tí olóòtú ń lò nìyẹn. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n tì í sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n fún mi ní pẹ́ńsù. "Bírò máa ń pàṣẹ," ni wọ́n wí. "Pẹ́ńsù máa ń bèèrè. Ìwọ kọ́ lo kọ ìwé náà."

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n lọ ka ìtàn kan sókè fún àwọn obìnrin tó ń ta garawa nísàlẹ̀. Ìtàn àwọn ẹran ọ̀sìn ni, olùkọ́ kan ló kọ ọ́. Mo jókòó lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mo ń kà á. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn, wọ́n tẹ́tí. Nígbà tó yá, ọ̀kan fa orí èkejì mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dirun fún un. Ẹ̀kẹta ń bá awakọ̀ tákísí kan jà láti ibi tó jókòó sí. Inú bí mi, mo gòkè padà.

"Màmá, wọn ò fetí sílẹ̀."

"Ibo lo kà dé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ irun?"

Mo fi ibẹ̀ hàn wọ́n.

"Ibẹ̀ ni kí o fi pẹ́ńsù sí. Ìtàn tó bá dùn máa ń so onídìrí lọ́wọ́."

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni Dádì mi máa ń wá jà. Ẹnjiníà ni wọ́n, ọ̀nà tí ogun bàjẹ́ ni wọ́n ń bá ìlú tún ṣe. Wọ́n á gbé búrẹ́dì àti ẹja wá, wọ́n á jókòó, ọ̀rọ̀ náà á sì bẹ̀rẹ̀. Ilé Màmá ní Iléṣà ní omi ẹ̀rọ. Àbúrò Màmá obìnrin wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lọ́nà. Kí ni àgbà obìnrin ń ṣe lókè ṣọ́ọ̀bù onígarawa, níbi tí òjò ń jò sórí bébà?

"Mọ́mì, ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Ilé wo?"

"Iléṣà, Mọ́mì. Ilé yín."

"Ta ló ń bá mi jà ní Iléṣà?" Màmá ń ṣẹ́ egungun ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. "Wọ́n á kàn máa kúnlẹ̀ kí mi ni. Ibi tí wọ́n bá ti mọ̀ mí débi pé wọ́n ń bá mi jà, ibẹ̀ ni ilé mi."

Nínú òjò yẹn náà ni Pásítọ̀ ìjọ wa gbé ìwé kan wá. Ìjọ wa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn Yorùbá wà níbẹ̀, àwọn Ìgbò wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ìlú sì pọ̀ jù wá lọ. Díákónéèsì ni Màmá, àwọn ló sì ń darí àwọn obìnrin tó ń pín ìrẹsì fún aláìní lóṣooṣù. Pásítọ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n ti fi ọkọ̀ ara wọn gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi yàrá ara wọn gba àlejò. Wọ́n fẹ́ràn Màmá, Màmá sì fẹ́ràn wọn.

Ẹ̀rí iṣẹ́ ìyanu tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ ló kún inú ìwé náà, ti obìnrin ará Gardnersville kan tó jíǹde ló sì ṣíwájú. Wọ́n fẹ́ fi ìwé náà ṣe àjọ̀dún ìjọ, àwọn ẹ̀ka ní Nàìjíríà yóò sì rà á. Iṣẹ́ tó tóbi bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ yàrá wa rí. Èrè rẹ̀ ni Màmá fẹ́ fi tẹ ìwé kíkà tí wọ́n ti ń ṣètò fún àwọn ọmọdé. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní ìwé mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo fi gbogbo ara ṣe é. Mo tún gírámà ṣe, mo gé ìpínrọ̀ tó gùn jù, mo fún orí kọ̀ọ̀kan lákọlé. Orí kìíní yẹn dùn gan-an. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Garmai kú sórí àga nígbà tí ìsìn ààwẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, ara rẹ̀ tutù, Pásítọ̀ ń pe orúkọ rẹ̀, ó sì dìde. Mo kà á fún àwọn onígarawa. Kò sẹ́ni tó dirun.

Màmá kà á lórí ìdúró lẹ́bàá fèrèsé, bí wọ́n ṣe máa ń ka gbogbo nǹkan.

"Ó dùn," ni wọ́n wí. "Ta ló sọ ọ́?"

"Pásítọ̀ ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé Pásítọ̀ ló kọ ọ́. Garmai ni wọ́n ní ó kú. Ṣé ẹnì kan ti bi Garmai?"

Ẹ̀rín pa mí. "Màmá, gbogbo ìjọ ló rí i."

"Èmi náà wà níbẹ̀. Mo rí i nígbà tó ṣubú, mo rí i nígbà tó dìde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, mi ò rí i." Wọ́n fi ìwé náà sínú ọ̀rá kí òjò má baà bà á jẹ́. "Wọ bàtà rẹ."

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Màmá kò gba iṣẹ́ ìyanu gbọ́. Wọ́n gbà á gbọ́ ju bí mo ṣe gbà á gbọ́ lọ. Wọ́n ní Ọlọ́run nìkan ló mú àwọn la ogun já, mi ò sì gbọ́ kí wọ́n fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú àdúrà ẹnikẹ́ni rí.

A wọ tákísí lọ sí Gardnersville. Ẹ̀yìn ọjà ni Garmai ń gbé. Síwájú ilé rẹ̀ ni abà kan wà tí wọ́n fi páànù bò, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì gígùn kan tó kọjú sí títì, ààrò tó tutù, àti ìkòkò ńláńlá tí wọ́n dojú wọn délẹ̀. Bó ṣe rí Màmá, ó sáré jáde.

"Ol' Ma! Ṣé ìrẹsì ti dé ni?"

"Kò tíì dé. Ìwé la gbé wá."

Mo ka orí náà fún un. Gẹ̀ẹ́sì ìlú Liberia ni Garmai ń sọ, kò sì kàwé púpọ̀, nítorí náà mò ń rọra kà á. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún, kò mira. Nígbà tí mo parí, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dùn," ni òun náà wí. "Ṣùgbọ́n èmi ò kú."

Òjò ń lu páànù. Màmá tẹjú mọ́ ọn. Mo ti mọ̀ nígbà náà pé bí wọ́n ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ nìyẹn.

"Kò sí oúnjẹ nílé kí ààwẹ̀ yẹn tó bẹ̀rẹ̀," ni Garmai wí. "Díẹ̀ tí mo sè, àwọn ọmọ mi ni mo fún. Mo wá sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀. Ojú mi ṣú. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ yín, Ol' Ma. Mo gbọ́ nígbà tí Pásítọ̀ ń pè mí, mo fẹ́ dáhùn, ẹnu mi ò ṣí. Ìyàwó Pásítọ̀ ló fi omi ṣúgà sí mi lẹ́nu. Ìgbà tí ṣúgà yẹn dé ọ̀nà ọ̀fun mi ni mo lajú."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ìgbà tí mo máa lajú, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń jó. Ta ló máa gbọ́ mi? Nígbà tó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní ìrẹsì." Ó fi ẹnu júwe àwọn ìkòkò náà. "Oúnjẹ ni mò ń tà níbí tẹ́lẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, kì í sí àyè lórí bẹ́ǹṣì yìí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní mo kú, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ mọ́. Wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á sì gba òdìkejì títì kọjá. Ta ló fẹ́ jẹ oúnjẹ tí òkú sè?"

Mi ò tíì rí i kí ọ̀rọ̀ gbá Màmá lójú bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà wọ̀ọ̀. "Ìtàn wa ló gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ," ni wọ́n wí, "àwa náà la wá ń gbé ìrẹsì wá."

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Garmai. Ó di ọwọ́ Màmá mú. "Ol' Ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Pásítọ̀ bá bínú, ìrẹsì yẹn á dúró."

"Mi ò ní tẹ ohun tí o kò sọ," ni Màmá wí. "Èyí tí o sọ fún mi yìí náà, bí o kò bá fún mi láyè, kò ní kúrò níbí. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn. Kí ni ìwọ fúnra rẹ fẹ́?"

Garmai wo àwọn ìkòkò rẹ̀ títí. "Mo fẹ́ máa sè," ló wí. Lẹ́yìn náà ó dìde dúró. "Ẹ sọ fún Pásítọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dúró lórí ọ̀rọ̀ tiwọn, kí ẹ̀yin náà dúró tì mí."

A bá Pásítọ̀ nínú ọ́fíìsì wọn lẹ́yìn ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Màmá ro gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Pásítọ̀ gbọ́ ọ dópin, ojú wọn pọ́n.

"Màmá, ṣé irọ́ ni mo pa ni?"

"Rárá o, Pásítọ̀. Ẹ gbàdúrà, obìnrin yẹn sì dìde. Ojú mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò kú."

"Ṣé òkú máa ń mọ̀ pé òun kú ni?"

"Bóyá kì í mọ̀. Ṣùgbọ́n Garmai mọ̀ pé ebi ń pa òun. Ebi yẹn ò sí nínú ìwé yín. Omi ṣúgà tí Mọ́mì ìjọ fi sí i lẹ́nu ò sí níbẹ̀. Ẹ kọ wọ́n síbẹ̀, mà á fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Gánà lọ́la."

"A ti kéde ìwé yìí, Màmá! Nàìjíríà ń retí rẹ̀. Bí mo bá fi ṣúgà sí i, kí ló kù nínú iṣẹ́ ìyanu?"

"Obìnrin kan gbé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ fún ọmọ, ó tún gbààwẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn wá sílé Ọlọ́run. Ọlọ́run sì fi ẹni tó ní ṣúgà lọ́wọ́ jókòó tì í. Ṣé ìyẹn ò tó yín ni?"

Pásítọ̀ nawọ́. "Ẹ fún mi ní ìwé mi. Ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́."

Màmá to àwọn ojú ìwé náà kí etí wọn dọ́gba, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. A dé títì. Ìwé mi àkọ́kọ́ ti lọ.

"Màmá, ìwé àwọn ọmọdé ńkọ́? Kí la máa fi tẹ̀ ẹ́?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí a kò ní fi tẹ̀ ẹ́."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde pé obìnrin mìíràn ni yóò máa darí ìrẹsì pípín. Àwọn kan nínú ìjọ ń ṣe bí ẹni tí kò rí Màmá. Màmá jókòó síwájú níbi tí wọ́n ti ń jókòó, wọ́n kọrin bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, láìbá ohùn ẹnikẹ́ni mu. Dádì gbọ́, wọ́n wá sọ pé, "Mọ́mì, ẹ rí i báyìí?" Nínú ọ̀sẹ̀ náà ni èsì dé láti Mamba Point pé wọ́n gbà mí síṣẹ́.

Mo rò pé Màmá á bẹ̀ mí. Wọn ò bẹ̀ mí. Wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n bèèrè ìgbà tí mo máa bẹ̀rẹ̀.

"Oṣù tó ń bọ̀ ni, Màmá."

"Á jẹ́ pé ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ṣì jẹ́ tèmi."

Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Garmai pé kó dáná. Bí ìsìn ṣe parí, Màmá kò bọ́ aṣọ. Pẹ̀lú aṣọ funfun díákónéèsì, gèlè funfun àti bàtà funfun, wọ́n wọ tákísí, èmi sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n jókòó sí àárín bẹ́ǹṣì Garmai, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí wọn, wọ́n ní kí Garmai bu oúnjẹ wá.

Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ ni. Ní gbogbo ọdún tí Màmá fi gbé Liberia, wọn ò jẹ ewé ẹ̀gẹ́ rí. Wọ́n máa ń sọ pé ní Iléṣà, ńṣe ni a ń da ewé yẹn nù. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n bu síbí kún, wọ́n gbé e mì. Garmai dúró ti ìkòkò, ó ń wò wọ́n.

Bàbá àgbàlagbà kan dúró lójú títì. "Ol' Ma, ṣé ẹ mọ obìnrin tó se oúnjẹ yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n ní ó ti kú rí."

Màmá kọ́kọ́ gbé èyí tó wà lẹ́nu wọn mì. "Òkú kì í mọ iyọ̀ í fi sọ́bẹ̀ tó báyìí. Ẹ wá jókòó."

Kò jókòó. Kò sẹ́ni tó jókòó lọ́jọ́ náà àfi àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo Màmá tí wọ́n ń jẹ ewé tí wọn ò fẹ́, tí aṣọ funfun wọn ń tutù sára nínú òjò tó ń fẹ́ wọlé, mo mọ̀ pé mi ò ní lọ sí Mamba Point. Mo dìde, mo lọ bá Garmai nídìí ààrò.

"Ǹjẹ́ ẹ lè jẹ́ kí n kọ ìtàn yín?"

"Ṣé wàá kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́?"

"Bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ gan-an."

A tún lọ lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, a sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbàlagbà yẹn ló kọ́kọ́ jókòó. Àwọn awakọ̀ tákísí tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wá pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, títí kan èyí tó gba ipò Màmá nídìí ìrẹsì. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó Pásítọ̀ wá, wọ́n jókòó ti Màmá, wọ́n sì jẹun. Pásítọ̀ wà nínú ọkọ̀ lódìkejì títì, wọn ò pa ẹ́ńjìnnì. Garmai bu oúnjẹ sínú abọ́, ó fi ọwọ́ bò ó, ó gba inú òjò kọjá, ó gbé e dé ojú fèrèsé ọkọ̀ náà.

"Pásítọ̀, ẹ wá jẹun."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Pásítọ̀ tó pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ní kí Garmai bu sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ Màmá létí, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan, ariwo òjò kò sì jẹ́ kí n gbọ́. Mo bi Màmá nínú tákísí.

"Kí ni Pásítọ̀ sọ, Màmá?"

"Ó ní ata rẹ̀ pọ̀."

Ìwé Pásítọ̀ jáde ní Nàìjíríà nígbà tó yá. Mo wá Garmai nínú rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ láàárín Màmá àti Pásítọ̀ títí wọ́n fi gbé Pásítọ̀ lọ sí ìlú mìíràn.

Ìwé Garmai ló wá di ìwé mi àkọ́kọ́. Ìwé pẹlẹbẹ ni, a kọ ọ́ fún àwọn àgbàlagbà tí ogun kò jẹ́ kí wọ́n kàwé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Mo kọ ọ́, mo kà á fún Garmai, ó ní òun kọ́ ló sọ̀rọ̀ báyẹn. Mo tún un kọ. Ó tún kọ̀. Nígbà tó yá, mo kà á, ó gbàgbé pé òun ń gbọ́ ìtàn ara òun, ó bi mí pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́?" Mo mọ̀ pé ó ti jinná. Dádì ló gbé owó ìtẹ̀wé sílẹ̀. Wọ́n ní bí ìyá àwọn bá ti tẹ èyí tán, kí wọ́n máa múra Iléṣà. Màmá gba owó náà, wọ́n ní, "A óò wò ó." Wọ́n tún jà lórí ìyẹn. Èrè ìwé Garmai la fi bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà àwọn ọmọdé, ibẹ̀ ni Màmá sì ti mú ọmọbìnrin inú ọkọ̀ yẹn, ti orí bébà ẹ̀pà, gúnlẹ̀ sí òdìkejì odò.

Àìsàn tó mú Màmá lọ kò pẹ́ lára wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń ka ìwé tuntun kan fún wọn, èyí tí nọ́ọ̀sì kan kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ojú wọn wà ní pípadé. Mo dé ibi gbólóhùn kan tó le, tó sì lè dun àwọn kan tó ṣì wà láàyè. Mo dúró. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Màmá, ṣé kí n fi í sílẹ̀, àbí kí n yọ ọ́?"

Mo rò pé wọ́n ti sùn lọ.

"Màmá?"

"Kí ló dé tí o fi ń bi mí?" Wọn ò lajú. "Ìwọ ni olóòtú. Èmi kàn ń gbọ́ ni."

Mo ronú sí i dáadáa, mo fi gbólóhùn náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo sì ń kà lọ.